Ọmọ màlúù tó ń mu mílíìkì àpòpọ̀ ń yàgbẹ́ gbuuru: ṣé lysine àti leucine lè mú kí ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀ pọ̀ sí i?

Ẹlẹ́ran Ọ̀dẹ̀dá:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ màlúù mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, àdàpọ̀ ìran màlúù White Fulani àti Friesian. Kílò 28 sí 30 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí wọ́n bí i, wọ́n ti wà láàárín ọjọ́ 12 sí 16 báyìí. Lítà 5 mílíìkì àpòpọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mu lóòjọ́. Ìdá méjì nínú mẹ́ta púrótíìnì inú rẹ̀ wá láti ara mílíìkì oníyẹ̀fun, ìdá kan tó kù wá láti ara ìyẹ̀fun sóyà. A ń fi ṣúgà díẹ̀ sí i kí ó lè dùn lẹ́nu wọn. Ìgbẹ́ wọn ti rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin, ó funfun bí ẹ̀kọ mímu, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń sáré wá bá oúnjẹ, ìgbóná ara wọn sì wà ní 38.9.

Ẹni tó ń ta oúnjẹ ẹran ní kí á da lysine àti methionine tí wọ́n ń lò fún adìyẹ sí i. Ẹlòmíràn ní leucine ló ń jí páńkíríàsì. Ẹnì kẹta ní ẹ́ńsáìmù oníyẹ̀fun ni kí á rà. Èwo ló tọ́ nínú rẹ̀? Báwo ni yóò ṣe pọ̀ tó, àti di ìgbà wo?

Dókítà Ẹran Alábàtà:

Ẹ kú ìtọ́jú ẹran. Kí owó tó jáde lápò, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ikùn ẹran náà.

Ẹ́ńsáìmù, ohun tí ń tú oúnjẹ nínú ikùn, púrótíìnì ni fúnra rẹ̀. Ásíìdì amínò ni ara fi ń mọ ọ́n, bí bíríkìlà ṣe ń fi búlọ́ọ̀kù mọ ilé. Oríṣi 20 ni ásíìdì amínò tí ara ń lò; lysine, methionine àti leucine wà lára wọn. Bí ọ̀kan bá wọ́n, iṣẹ́ á dúró síbẹ̀, kódà bí àwọn yòókù bá pọ̀ bí iyanrìn etí odò Ògùn. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Iṣẹ́ kejì ni ẹni tó sọ̀rọ̀ leucine gbọ́ nípa rẹ̀, òótọ́ sì ni. Àwọn ásíìdì amínò kan máa ń jíṣẹ́. Leucine máa ń ṣí ohun kan tó dà bíi súwíìṣì nínú sẹ́ẹ̀lì páńkíríàsì, ẹ̀yà ara tí ń tú ẹ́ńsáìmù sínú ìfun. mTOR ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ púrótíìnì, trypsin (ẹ́ńsáìmù tí ń tú púrótíìnì) àti amylase (èyí tí ń tú sítáàṣì) sì wà lára ohun tí páńkíríàsì ń mọ. Phenylalanine àti àwọn kan bíi tirẹ̀ ní tiwọn, nígbà tí wọ́n bá kan ògiri ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kékeré, ìfun á tú hómóònù CCK sínú ẹ̀jẹ̀. Hómóònù yìí ló ń sọ fún páńkíríàsì pé kí ó da omi ẹ́ńsáìmù rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kan ń jẹ́ kí wọ́n ṣe ọjà, ìkejì ń jẹ́ kí wọ́n gbé ọjà jáde. Àwọn méjèèjì ló wà nínú mílíìkì lọ́pọ̀ yanturu.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tó gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ kí ásíìdì amínò tó dé ìfun. Tí ọmọ màlúù bá ń fa ọmú, kòtò kan nínú ọ̀fun rẹ̀ á pàdé bíi páìpù, mílíìkì á gba ibẹ̀ kọjá ṣàkì, á lọ tààrà sí ikùn kẹrin. Níbẹ̀ ni ẹ́ńsáìmù chymosin wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń fi oje bòmùbómù mú mílíìkì dì di wàrà, ohun tí chymosin ń ṣe nínú ikùn ọmọ màlúù gan-an nìyẹn. Láàárín bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, casein, púrótíìnì tó pọ̀ jù nínú mílíìkì, á ti dì. Omi rẹ̀ á ṣáájú lọ sí ìfun, èyí tó dì á dúró, á máa tú díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ìdí nìyí tí ásíìdì amínò fi ń dé ìfun ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, tí páńkíríàsì kò fi ní rí iṣẹ́ tó pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Púrótíìnì sóyà kì í dì bẹ́ẹ̀. Ó ń yọ̀ kọjá sí ìfun láìtíì tú dáadáa. Pepsin tí ì bá tú u ṣì kéré lọ́jọ́ orí yìí, nítorí pé ásíìdì ikùn kò tíì le tó bí pepsin ṣe ń fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà: ẹ dá a dúró lónìí. Màlúù kò ní sucrase, ẹ́ńsáìmù tí ń tú ṣúgà tí à ń fi mu tíì, yálà ọmọ ni tàbí àgbà. Ṣúgà náà á bọ́ sí ìfun ńlá, á fa omi mọ́ra, kòkòrò á bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ún, ìgbẹ́ á sì di omi. Lactase tí ń tú ṣúgà inú mílíìkì ló pọ̀ lára wọn láti ọjọ́ ìbí. Amylase tí ń tú sítáàṣì kéré púpọ̀ lọ́jọ́ ìbí, ó ń pọ̀ sí i bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè yín: sóyà àti ṣúgà ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Lysine kò lè tún ohun tí àwọn méjèèjì ń bà jẹ́ ṣe.

Ìyá Ọlọ́sìn Ọ̀sìẹ̀lẹ̀:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ dókítà. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni bí a ṣe ń fún un, torí pé mílíìkì tó dára lè di wàhálà lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n fún.

Ìgbóná omi: ẹ fi omi tó wà láàárín 45 sí 50 po ìyẹ̀fun mílíìkì, kí ẹ sì fún wọn nígbà tó bá ti sọ̀ sí 38 sí 40. Omi tó ń hó ń ba púrótíìnì jẹ́, ó sì ń jẹ́ kí ó di kókó. Mílíìkì tútù ní tirẹ̀ kì í tètè dì nínú ikùn. Ẹ ra tẹmómítà, ẹ má fi ìka wọn ọ́n.

Ìwọ̀n: mílíìkì oníyẹ̀fun tí ọ̀rá rẹ̀ pé, gíráàmù 125 sí 130 nínú lítà kan. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn ọ́n lójoojúmọ́. Ife kan náà lè gba gíráàmù 100 lónìí kí ó gba 130 lọ́la, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe kì í. Ìyípadà ojoojúmọ́ yìí nìkan tó láti mú ìgbẹ́ rọ̀.

Ẹ lo ìgò tó ní orí ọmú, kí ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí ọmú ìyá rẹ̀ máa ń wà. Bí ó bá na ọrùn tó ń fà á, kòtò ọ̀fun náà á pàdé dáadáa, itọ́ á sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Inú itọ́ náà ni ẹ́ńsáìmù tó kọ́kọ́ ń tú ọ̀rá wà. Èyí tó bá ń gbé e mì gùdùgùdù nínú báàkẹ́ẹ̀tì kò ní rí itọ́ tó bẹ́ẹ̀, mílíìkì sì lè ṣèèṣì já sí ṣàkì, níbi tí yóò ti kan.

Lítà 5 fún kílò 28 kò burú, ṣùgbọ́n ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta dípò méjì títí ìgbẹ́ yóò fi dì. Agogo mẹ́fà àárọ̀, agogo kan ọ̀sán, agogo mẹ́jọ alẹ́. Aago kan náà lójoojúmọ́ o.

Fún àwọn tí ìyá màlúù wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń ta wàrà: ẹ fi ọmú méjì sílẹ̀ fún ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ àkọ́kọ́. Bí a bá fún gbogbo rẹ̀ tán fún wàrà, tí a wá ń fi ògì bọ́ ọmọ, a ti gba búlọ́ọ̀kù lọ́wọ́ bíríkìlà nìyẹn.

Omi ọmú àkọ́kọ́ tó pọ́n rẹ̀sùrẹ̀sù lẹ́yìn ìbí tún ṣe pàtàkì ju gbogbo èyí lọ. Ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ ni kí ó mu láàárín wákàtí mẹ́fà, ìyẹn lítà 2.8 fún ọmọ kílò 28. Bí kò bá lè mu ún tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí méjì. Ohun kan wà nínú omi ọmú yìí tó ń dí trypsin lọ́wọ́ kí ó má baà jẹ àwọn èròjà tó ń gbógun ti àrùn kí wọ́n tó wọ ẹ̀jẹ̀. Tó bá ti tó wákàtí 24, ìfun á ti ilẹ̀kùn, kò ní gba èyí tó kù sínú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má po ohun mìíràn mọ́ ọn.

Alápòpọ̀ Láfẹ́ńwá:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti sóyà, nítorí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn.

Sóyà tútù ní ohun kan tó ń so trypsin mọ́lẹ̀. Bí páńkíríàsì bá tilẹ̀ tú trypsin sílẹ̀, sóyà náà á dì í mú, kò ní lè ṣiṣẹ́. Ẹ wá wò ó: ásíìdì amínò wà nínú oúnjẹ, ẹ́ńsáìmù wà nínú ìfun, síbẹ̀ ebi ásíìdì amínò ń pa ẹran. Iná ló ń pa ohun tó ń so trypsin yìí. Síse nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 30 dára, kí ẹ sì sá a gbẹ kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ yan án, iná tó mọ níwọ̀n ni, ẹ máa rò ó láìdúró títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dà bíi ti wúrà, tí yóò sì máa fọ́ bí ẹ bá gé e jẹ. Kí ó má di dúdú. Yíyan jù ń ba lysine jẹ́.

Ọ̀nà tí ẹ lè fi dán an wò nílé nìyí. Ẹ bu ṣíbí kan ìyẹ̀fun sóyà náà àti ṣíbí kan ajílẹ̀ urea sínú ìgò tó ní ìdérí, ẹ da ṣíbí márùn-ún omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, ẹ dé e pa. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú, ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bí ìtọ̀ tó ti pẹ́, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ urease ṣì wà láàyè nínú sóyà náà, ìyẹn fi hàn pé iná kò tíì ràn án tó, ohun tó ń so trypsin náà sì ṣì wà. Tí kò bá rùn, iná ti tó. Ẹ da ohun tó wà nínú ìgò náà nù síbi tí ẹran kò lè dé, torí urea lè pa ọmọ màlúù.

Ìdánwò yìí kò sọ fún yín bóyá iná ti pọ̀ jù. Ojú àti àwọ̀ ni ẹ máa fi mọ ìyẹn.

Dókítà Ẹran Alábàtà:

Ẹ ṣeun, Alápòpọ̀. Mo ní láti fi nǹkan kan kún un kí àwọn èèyàn má baà rò pé sóyà tí iná ti ràn ti di mílíìkì. Púrótíìnì méjì wà nínú sóyà, glycinin àti beta-conglycinin, tí ara ọmọ màlúù kékeré lè kọ̀. Bí ara bá kọ̀ ọ́, àwọn irun kéékèèké tó wà lára ògiri ìfun á kúrú, oúnjẹ kò sì ní wọ ara dáadáa mọ́. Yíyan àti síse ilé kì í pa àwọn méjèèjì yìí tán. Nítorí náà, ṣáájú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, èmi kò gba sóyà kankan nínú ohun mímu, bó ti wù kí wọ́n sè é tó.

Alápòpọ̀ Láfẹ́ńwá:

Mo gbà bẹ́ẹ̀, dókítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, fún ẹni tí owó mílíìkì bá ń wọ̀ lọ́rùn, ìdá kan nínú mẹ́ta púrótíìnì lè wá láti ara sóyà tó jiná, kí ó má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà yẹn gan-an ni lysine àti methionine ń wúlò. Ìṣirò rẹ̀ rèé.

Lítà mílíìkì kan ní púrótíìnì bíi gíráàmù 33. Nínú rẹ̀, lysine tó gíráàmù 2.6, methionine tó 0.8. Tí a bá fi púrótíìnì sóyà gíráàmù 11 rọ́pò gíráàmù 11 ti mílíìkì, lysine á dín ní nǹkan bíi gíráàmù 0.2, methionine á dín ní 0.13. Lysine tí wọ́n ń tà fún oúnjẹ adìyẹ, L-lysine HCl, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni lysine gidi. Nítorí náà gíráàmù 0.25 rẹ̀ ni ẹ máa fi dí àlàfo yẹn nínú lítà kan. DL-methionine fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúlówó pátápátá, 0.13 náà ni.

Kò sí ṣíbí tó lè wọn gíráàmù 0.13. Bí ẹ ó ṣe ṣe é ni pé kí ẹ fi òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ta wúrà ń lò wọn gíráàmù 12.5 lysine àti gíráàmù 6.5 methionine. Ẹ tú méjèèjì sínú ààbọ̀ lítà omi tó ti hó tó sì ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Methionine kì í tètè yọ́, ẹ máa mì í. Mílílítà 10 omi yìí ni kí ẹ fi sínú lítà mílíìkì àpòpọ̀ kọ̀ọ̀kan. Síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ ló dára jù láti fi wọn ọ́n. Lítà 20 ni ọmọ mẹ́rin yín ń mu lóòjọ́, ìyẹn ń gba mílílítà 200, ààbọ̀ lítà á sì tó yín fún ọjọ́ méjì. Ẹ gbé e sínú fíríìjì. Bí iná bá lọ tí ó gbóná mọ́jú, ẹ dà á nù, ẹ po tuntun.

Ẹ má sọ pé bí díẹ̀ bá dára, púpọ̀ á dára jù. Methionine wà lára àwọn tí àpọ̀jù rẹ̀ tètè ń ṣe ẹran níbi. Oúnjẹ rẹ̀ á dín kù, kò sì ní dàgbà.

Ẹlẹ́ran Ọ̀dẹ̀dá:

Ẹ ṣé púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún un. A ti yọ ṣúgà. Leucine wá ńkọ́? Ṣé kí á rà á lọ́tọ̀? Mo sì gbọ́ pé leucine pọ̀ nínú àgbàdo, ṣé ògì kò lè ṣiṣẹ́ yẹn?

Dókítà Ẹran Alábàtà:

Rárá sí méjèèjì, àbúrò.

Leucine inú mílíìkì tó bíi gíráàmù 3 nínú lítà kan. Ẹran tó ń mu lítà 5 ti ń rí gíráàmù 15 lóòjọ́, láìsí ẹni tó fi kún un. Tí ẹ bá wá da òmíràn sí i lọ́pọ̀, àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ méjì, isoleucine àti valine, ló máa jìyà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gba ọ̀nà kan náà wọ ara, àpọ̀jù leucine sì ń mú kí ara máa jó àwọn méjì yòókù dànù. Súwíìṣì á ṣí, bíríkìlà á dé síbi iṣẹ́, kò ní bá búlọ́ọ̀kù. Iṣẹ́ ìwádìí ṣì ń lọ lórí rẹ̀ lágbàáyé, ó sì dùn mọ́ wa nínú, àmọ́ kò tíì di ohun tí ènìyàn ń fi ṣíbí bù sí mílíìkì ní oko.

Ògì: lóòótọ́, leucine pọ̀ nínú púrótíìnì àgbàdo. Ṣùgbọ́n sítáàṣì ló pọ̀ jù nínú ògì, amylase ọmọ ọjọ́ 14 kò sì tó nǹkan. Púrótíìnì inú rẹ̀ kéré, lysine inú púrótíìnì náà tún kéré sí i. Èyí tí kò bá dà nínú rẹ̀ á bọ́ sí ìfun ńlá, ìgbẹ́ á máa ho bí ọṣẹ, á sì máa rùn kíkan.

Ohun kan náà ló wà nídìí àwọn mílíìkì oníyẹ̀fun olówó pọ́ọ́kú kan lọ́jà. Ẹ ka ẹ̀yìn àpò. Bí ẹ bá rí maltodextrin tàbí glucose syrup (ohun tí wọ́n fi sítáàṣì ṣe) láàárín ohun mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ, tí púrótíìnì rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ 20 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tí ènìyàn ń fi sínú tíì nìyẹn, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ màlúù. Lára èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ màlúù, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ crude fibre (okùn ewéko inú oúnjẹ) sí. Tó bá ju 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, púrótíìnì ewéko ti wà nínú rẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà fún adìyẹ, bíi phytase àti xylanase, iṣẹ́ tiwọn yàtọ̀. Ọkà àti èérí ni wọ́n ń tú, kò sí èyí tó kan mílíìkì níbẹ̀.

Ọmọ Kútọ̀:

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, fún àwọn tó ti kúrò lẹ́nu ọmú ńkọ́, oṣù mẹ́rin sí márùn-ún? Ṣé kí á bu lysine adìyẹ yẹn wọ́n orí PKC (kéèkì èkùrọ́) àti èèpo ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ? Mo rò pé ó yẹ kí ó ṣiṣẹ́ kan náà.

Alápòpọ̀ Láfẹ́ńwá:

Kò ní ṣiṣẹ́ kan náà o. Owó á kàn ṣòfò ni. Mílíìkì ń gba kòtò ọ̀fun kọjá ṣàkì, oúnjẹ gbígbẹ ń wọ ṣàkì tààrà. Kòkòrò inú ṣàkì á jẹ lysine náà, wọ́n á sọ ọ́ di amóníà kí ó tó dé ìfun. Irú èyí tí wọ́n fi ọ̀rá bò kí kòkòrò má lè tú u wà, àmọ́ ó wọ́n, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má wá a kiri.

Ní ọjọ́ orí yẹn, kòkòrò inú ṣàkì fúnra wọn ni púrótíìnì tó dára jù. Bí wọ́n bá kú tí wọ́n sì ṣàn lọ sí ikùn kẹrin, ẹran ń jẹ wọ́n, lysine wọn sì pọ̀. Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ bọ́ wọn dáadáa, kí ẹ sì fi púrótíìnì tí kì í tètè tú nínú ṣàkì kún un. Kéèkì sóyà tó jiná ju kéèkì ẹ̀pà lọ lórí èyí, àti ní ti lysine pẹ̀lú. Kéèkì ẹ̀pà tí omi bá ti kàn nígbà òjò tún máa ń hu èbu tó ní májèlé aflatoxin, ẹ̀dọ̀ ọmọ màlúù kò sì lè fara da ìyẹn.

Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ láti ilé ìpẹran, tí àwọn kan ń rà nítorí leucine: ẹ má fún màlúù. Leucine pọ̀ nínú rẹ̀ lóòótọ́, isoleucine rẹ̀ kò tó nǹkan, ọ̀rọ̀ àìbáramu tí dókítà sọ nìyẹn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, bíbọ́ màlúù pẹ̀lú ohun tó ti ara màlúù wá ló tan àrùn ọpọlọ màlúù ká ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n dá mọ̀ ní 1986, tí wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣòfin ní 1988.

Àpòpọ̀ àkọ́jẹ (oúnjẹ gbígbẹ àkọ́kọ́ fún ọmọ màlúù) tí mo máa ń dábàá, fún kílò 100: àgbàdo fífọ́ (kì í ṣe lílọ̀ kúnná) 50, kéèkì sóyà 25, èérí àlìkámà 21, òkúta ẹfun lílọ̀ 2, dicalcium phosphate 1, iyọ̀ ààbọ̀ kílò, premix (àpòpọ̀ fítámì àti mínírà) ti màlúù ààbọ̀ kílò. Púrótíìnì rẹ̀ á wà ní nǹkan bíi 19 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ má lo premix adìyẹ tí oògùn wà nínú rẹ̀. Àgbàdo tó kúnná jù máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu, ó ń mú inú wú, wọn kì í sì jẹ ẹ́ tó.

Ìyá Ọlọ́sìn Ọ̀sìẹ̀lẹ̀:

Láti ọjọ́ kẹrin tí wọ́n bí wọn ni kí ẹ ti gbé ẹ̀kúnwọ́ àkọ́jẹ kan síwájú wọn, pẹ̀lú omi mímọ́ nínú abọ́ tirẹ̀. Wọn kò ní jẹ ju bíńtín lọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ kó èyí tó kù dànù lójoojúmọ́, ẹ gbé tuntun sílẹ̀. Oúnjẹ tí itọ́ ti kàn máa ń kan nínú oòrùn wa yìí. Omi tí ẹran ń mu lọ́tọ̀ ló ń wọ ṣàkì, láìsí i àwọn kòkòrò dáadáa kò lè gbé ibẹ̀. Bí àkọ́jẹ bá ti ń wọlé, amylase náà á máa pọ̀ sí i. Ẹ gba ọmú lẹ́nu wọn nígbà tí ẹran bíi tiyín bá ti ń jẹ gíráàmù 700 lóòjọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Ẹ má fi oṣù ka á.

Àti ọ̀rọ̀ ìtọ́jú mílíìkì oníyẹ̀fun: abẹ́ páànù ilé wa lóṣù kejì àti ìkẹta dà bí ààrò. Bí ìyẹ̀fun mílíìkì bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, ṣúgà inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ lysine rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ á pọ́n, á máa rùn bí ṣúgà tó jóná. Lysine náà ṣì wà nínú àpò, ṣùgbọ́n kò sí ẹ́ńsáìmù tó lè tú u mọ́. Ẹ gbé àpò sórí pákó, kúrò lára ògiri, ẹ dì í pa, kí ẹ sì rà á ní ìwọ̀n tí ẹ máa lò tán láàárín oṣù kan.

Dókítà Ẹran Alábàtà:

Ó ku ti ìgbẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí. Ohun tí ẹ máa ṣe láàárín ọjọ́ márùn-ún tó ń bọ̀ nìyí, Ẹlẹ́ran Ọ̀dẹ̀dá.

Ẹ má dá mílíìkì dúró. Àwọn kan á ní kí ẹ fi omi nìkan fún un fún ọjọ́ méjì. Bí ebi bá ń pa á, ògiri ìfun á túbọ̀ fà gbẹ, páńkíríàsì kò sì ní rí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ fún un mọ́. Mílíìkì gidi, lítà 4.5 sí 5, ní ìgbà mẹ́ta.

Láàárín ìgbà mílíìkì méjì, ẹ fún un ní lítà 1 ORS (omi oníyọ̀ àti glúkóòsì tí ń dá omi ara padà), lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọmọdé nílé oògùn náà dára, sáṣẹ́ẹ̀tì kan nínú iye omi tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Glúkóòsì ló wà nínú rẹ̀, ẹran sì lè lò ó. Oníṣúgà àti oníyọ̀ tí à ń pò nílé fún ọmọ ènìyàn kò bá ọmọ màlúù mu, nítorí ọ̀rọ̀ sucrase tí mo sọ. Kí wákàtí méjì wà láàárín mílíìkì àti ORS. Ẹ kò gbọdọ̀ pò wọ́n pọ̀: citrate tàbí bicarbonate inú ORS kì í jẹ́ kí mílíìkì dì nínú ikùn kẹrin.

Bí oúnjẹ bá jẹ́ ẹ̀bi, ìgbẹ́ yẹ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́rin. Tí kò bá ki, oúnjẹ nìkan kọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkẹta, rotavirus àti cryptosporidium wọ́pọ̀, ìgbẹ́ tiwọn náà sì lè funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ ìyeyè. Coccidia sábà máa ń dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀jẹ̀ á hàn nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Bí ìgbóná ara bá ju 39.5 lọ, tàbí ó sọ̀ sísàlẹ̀ 38, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọlé, bí ẹ bá fa awọ ọrùn rẹ̀ tí kò padà sí ipò rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá méjì, tàbí tí kò bá dìde wá mílíìkì mọ́, ẹ má dúró de ìdáhùn kankan níbí. Ẹ pe dókítà ẹran, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran ti FUNAAB (yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta) ní Alábàtà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ fọ ìgò, kí ẹ sì fún àwọn tí ara wọn dá ní oúnjẹ kí ẹ tó kan àwọn tó ń yàgbẹ́.

Ẹlẹ́ran Ọ̀dẹ̀dá:

Ó yé mi yékéyéké. Ìbéèrè kan ló kù: ṣé kí á yọ sóyà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àbí díẹ̀díẹ̀?

Alápòpọ̀ Láfẹ́ńwá:

Ẹ yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Yíyọ ohun tí ara kọ̀ kò nílò àkàbà. Dídá a padà ló nílò rẹ̀, nígbà tí èyí tó kéré jù bá ti pé ọjọ́ 25, tí ìgbẹ́ gbogbo wọn sì ti ki fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí sóyà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá púrótíìnì. Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ìdá kan nínú márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ tó lè dé ìdá kan nínú mẹ́ta. Lysine àti methionine náà á máa gòkè pẹ̀lú rẹ̀: mílílítà 3 nínú lítà kan, lẹ́yìn náà 6, lẹ́yìn náà 10. Bí ìgbẹ́ bá rọ̀ ní ìpele kan, ẹ padà sí ti ìṣáájú, ẹ dúró níbẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún.

Ìyá Ọlọ́sìn Ọ̀sìẹ̀lẹ̀:

Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ògiri ibùjẹ: ọjọ́, lítà, ìgbóná mílíìkì, bí ìgbẹ́ ti rí fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá ràn yín lọ́wọ́ á rí i kà.